Ilé iṣẹ́ wa ní Iléṣà fẹ́ ṣe ẹ̀dà òṣìṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ṣé kí n buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yìí?

OmoIsokun kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa àbí tó ti ṣiṣẹ́ fáktrì rí ni mo ń wá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ni mo wà ní Iléṣà níbí, ẹ má bi mí pé èwo ni o, mo ṣì fẹ́ máa gba owó oṣù. Àwa la máa ń gbé àpò wóró ike, kílò 25 ni ìkọ̀ọ̀kan, a ó gbé e sókè tú u sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mánéjà pè wá jọ sí kantíìnì, wọ́n mú ọ̀gbẹ́ni kan wá láti Èkó, ó ní ilé iṣẹ́ fẹ́ ṣe "digital twin" fún gbogbo wa. Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ ni pé a máa so agogo kan mọ́wọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, a máa de sẹ́ńsọ̀ kéékèèké tó ń mọ bí ara ṣe ń yí mọ́ ẹ̀yìn àti apá, kámẹ́rà á wà lókè, gbogbo ohun tí wọ́n bá rí gbà lára wa ni wọ́n á fi ṣe ẹ̀dà wa lọ́kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé àpò ẹ̀dà mi náà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bá ti ń rẹ̀ mí ó máa mọ̀, tí wọ́n bá sì fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun ẹ̀dà yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dán an wò. Ó fi ti ẹnì kan hàn wá lára ògiri, ó dúró bí ère, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n yòò, ó ní ibi tó pọ́n yẹn ni ìnira pọ̀ sí. Àǹtí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ tì mọ́ inú ẹ̀rọ, ni gbogbo kantíìnì bá bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tá a jáde kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan gidi ni nǹkan yìí àbí wọ́n kàn fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá wa ni? Tó bá jẹ́ nǹkan gidi, tí ẹ̀dà mi bá wá sọ pé ẹ̀yìn mi ti fẹ́ bàjẹ́, ṣé wọn ò ní lé mi dànù kí ẹ̀yìn ọ̀hún tó bàjẹ́? Tí n ò bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí wọ́n pín fún wa ńkọ́? Ojú ewé méjì ni, òyìnbó kún un bámúbámú, wọ́n ní ká dá a padà ní Fúráìdè tó ń bọ̀.

Ẹ̀yìn mi máa ń dùn mí lóòótọ́ o, mi ò kàn tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ ni.

Lagere_Finest:

😂😂 Ìyẹn ni pé tí mo bá sá lọ jẹ àmàlà, ẹ̀dà mi á dúró máa bá mi ṣiṣẹ́? Kí wọ́n ṣe tèmi méjì jọ̀ọ́. Àwàdà yàtọ̀ o bọ̀dá, ẹ má tíì buwọ́ lu nǹkan kan.

EngrParakin:

Ẹ kú iṣẹ́ bọ̀dá. Mo ń ṣe másításì ní OAU, ẹ̀ka ẹ̀rọ ni mo wà, mo sì ti ka nǹkan yìí díẹ̀. Nǹkan gidi ni, àmọ́ àwọn tó ń fi orúkọ ẹ̀ tajà pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe é lóòótọ́ lọ.

Ara ẹ̀rọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ara èèyàn. Michael Grieves ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní Yunifásítì Michigan ní 2002, John Vickers tó wà ní NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ló wá sọ ọ́ ní digital twin tí gbogbo ayé ń pè é báyìí. Ẹ̀rọ kan wà nínú fáktrì, ẹ̀dà ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, ìròyìn ń ti ara ẹ̀rọ lọ bá ẹ̀dà ní gbogbo ìgbà, tí bíárìn kan bá ti fẹ́ jẹ, ẹ̀dà á ti ké kó tó jẹ tán. Nígbà tí àwọn Jámánì gbé Industry 4.0, ìyẹn èrò wọn lórí fáktrì ọjọ́ iwájú, jáde níbi ìpàtẹ Hannover ní 2011, ẹ̀rọ àti íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sọ ṣáá, ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ó di oṣù kìíní 2021 kí European Commission, ìgbìmọ̀ tó ń darí European Union, tó gbé ìwé kan jáde lórí Industry 5.0, wọ́n ní ẹ̀rọ ló yẹ kó máa bá òṣìṣẹ́ mu, kì í ṣe kí òṣìṣẹ́ máa sáré tẹ̀lé ẹ̀rọ. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dà òṣìṣẹ́ ti gbóná láàárín àwọn olùwádìí.

Ká sòótọ́, èèyàn orí kọ̀ǹpútà ti pẹ́. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò ti ń lò ó láti 1980s, wọ́n á gbé e jókòó sínú mọ́tò tí wọn ò tíì kàn láti mọ̀ bóyá ọwọ́ á tó jíà, bóyá orí ò ní kan òkè. RAMSIS ti àwọn Jámánì wà, Jack tó ti Yunifásítì Pennsylvania jáde náà wà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ó kàn jẹ́ èèyàn tó ga tó báyìí tó sì wúwo tó báyìí ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín, ẹ̀yin gan-an ni, pẹ̀lú ìlù ọkàn yín, bí ẹ ṣe ń yí ẹ̀gbẹ́, ìgbà tó ń rẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ bi ọkùnrin ará Èkó yẹn rèé. Ní 2018 àwọn olùwádìí kan ní Austria pín nǹkan yìí sí mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi ń kó dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa yín, sínú ẹ̀, àwòṣe lásán ni. Tí dátà bá ń ti ara yín lọ fúnra ẹ̀ àmọ́ tí nǹkan kan ò padà wá, wọ́n ní òjìji nìyẹn. Àfi tí nǹkan bá ń lọ tó tún ń bọ̀, tí ẹ̀dà rí i pé apá yín ti ń wúwo, tí ẹ̀rọ sì dín eré kù fúnra ẹ̀ àbí tí tábìlì gbéra sókè díẹ̀, ìgbà yẹn ló tó di twin. Ẹ bi í pé èwo ló ń tà. Òjìji ló pọ̀ lọ́jà, ó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, kì í fúnni ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ eléyìí nítorí ó ń bí mi nínú. Àjọ NIOSH tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ìṣirò kan lórí ẹrù gbígbé, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1991, kílò 23 ló fi ṣe òpin, ìyẹn náà tí gbogbo nǹkan bá dára pátá: ẹrù sún mọ́ ara, kò sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ ò yí ẹ̀gbẹ́, ẹ ò gbé e léraléra. Tí ọ̀kan bá ti yẹ̀ nínú ẹ̀, iye yẹn á máa já wálẹ̀ ni. Àpò yín jẹ́ 25, ẹ̀ ń gbé e láti ilẹ̀, ẹ̀ ń gbé e ju àyà lọ, láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ ti kọjá òpin kí ẹnikẹ́ni tó so agogo mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi atẹ́gùn fa wóró ike látinú àpò nílẹ̀ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ lókè, àwọn ilé iṣẹ́ ike ti ń lò ó tipẹ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ wá kiri?

BabaIbodi:

Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì, fáktrì aṣọ kan ní Ìkẹjà ni mo ti lo ọjọ́ orí mi kí n tó padà wálé.

Nígbà tiwa agogo ò sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ wa ló wà. Ọkùnrin kan á wá pẹ̀lú bọ́ọ̀dù àti bírò, á dúró sẹ́yìn rẹ, á máa ka iye ìṣẹ́jú tí o fi so òwú tó já. Wọ́n ní Taylor ará Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Gbogbo wa la sì mọ ohun tá à ń ṣe sí i, tó bá ti yọ lókèèrè, ọwọ́ gbogbo ilé á rọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Tí o bá fi agbára sáré fún un lónìí, eré yẹn ni wọ́n á máa retí lọ́wọ́ rẹ títí láé, àti lọ́wọ́ ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tí kò lágbára tó ọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn á jẹun, á tọ̀, á relé. Tiyín yìí kì í relé.

Ìyẹn kọ́ ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí mo fi ń mọ̀ pé òwú fẹ́ já, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, ọdún ló kọ́ mi. Bó bá jẹ́ ayé ìsinsìnyí, wọ́n á de nǹkan mọ́ mi lápá, wọ́n á gba bí mo ṣe ń yíwọ́ àti ìgbà tí mo ń yí i, wọ́n á fi kọ́ ọmọ tuntun, tó bá yá wọ́n á fi kọ́ róbọ́ọ̀tì. Ta ló ni ọgbọ́n yẹn? Tí mo bá ti kúrò níbẹ̀, ṣé wọ́n á máa san nǹkan kan fún mi lórí ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn ìyẹn lórí ìwé. Ọmọ òṣómàáló ni wá, a mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó gba owó ẹni.

EngrParakin:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an sà. Ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ bà yẹn ni àwọn tó ń kọ̀wé lórí ẹ̀ máa ń fò kọjá, wọ́n á kọ ọ̀pọ̀ ojú ewé lórí sẹ́ńsọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọgbọ́n ọwọ́ ò ní ju ìlà kan lọ.

Àmọ́ ẹ má bínú sà, ibì kan wà tí mi ò ti bá yín lọ. Ẹ̀dà yìí lè gbèjà òṣìṣẹ́ náà. Tí ẹ̀rọ tuntun bá dé tó lè gé èèyàn lápá, ó sàn kó jẹ́ ti orí kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ na ọwọ́ síbẹ̀. Ìṣirò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní RULA, láti 1993, tó ń wo bí ọrùn, apá àti ẹ̀yìn ṣe tẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, láti 1 dé 7 ló ń fúnni ní máàkì, tó bá fi jẹ́ 7 ó ní kí wọ́n yẹ iṣẹ́ yẹn wò kí wọ́n sì yí i padà lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ló ní kí wọ́n yí padà o, kò ní kí wọ́n yí òṣìṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ló máa ń dúró pẹ̀lú ìwé kó tó lè fún yín ní máàkì yẹn, báyìí sẹ́ńsọ̀ lè ṣírò ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Tí ìwé bá wà pé 7 ni iṣẹ́ yín máa ń jẹ lójoojúmọ́, súpáfáísọ̀ wo ló fẹ́ sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe yín?

Torí náà ohun tí mo máa wò ni ẹni tí máàkì yẹn á lọ bá. Tó bá jẹ́ orúkọ yín ló wà lókè ẹ̀ tó sì lọ bá HR, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ tó sì ń lé èèyàn, ẹ sá. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ àti ibi iṣẹ́ ló wà lókè ẹ̀ tó sì lọ bá àwọn tó ń tún fáktrì ṣe, ó yá.

NoosiImo:

Mo kà gbogbo ẹ̀, ẹ kú ọgbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlù ọkàn nítorí àwọn oníkọ̀ǹpútà máa ń rò pé ó rọrùn.

Ibà á mú ọkàn sáré. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ, ọkàn ẹ̀ lè sáré. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ò jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹni tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ jágbe mọ́. Tí iná bá lọ tí fáànù dúró, ooru nìkan á mú ti gbogbo yín sáré lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, kò ní kọ pé jẹnẹrétọ̀ ló bàjẹ́. Ti àwa obìnrin wá burú jù. Tí obìnrin bá lóyún, ìlù ọkàn ẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ikùn ò tíì yọ, ìyá ọkọ ò tíì gbọ́. Ṣé HR ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀? Ẹ sọ fún àǹtí tí gbogbo yín fi ń rẹ́rìn-ín yẹn pé mo wà lẹ́yìn wọn.

Tí agogo ọ̀hún bá tún ń ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, ẹ dúró ná. Ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2020 lórí irinṣẹ́ tí à ń fi há ọmọ ìka aláìsàn láti ka atẹ́gùn yẹn, wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé iye ìgbà tó ń sọ pé atẹ́gùn pé nígbà tí kò pé, ti aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Irinṣẹ́ ọsibítù nìyẹn o.

Bọ̀dá Isokun, ẹ̀yìn yín tó ń dùn yẹn, ẹ lọ fi han dókítà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba káàdì, kí wọ́n kọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe síbẹ̀ àti iye kílò tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Òfin Employees' Compensation Act ti 2010 wà, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NSITF ló ń bójú tó o, ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè gba nǹkan. Àmọ́ ìwé ni wọ́n máa bi yín.

FinalYearLaw:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo ilé. Mi ò tíì di lọ́yà, fáìnàlì yíà ni mo wà ní Ifẹ̀, torí náà ẹ tún fi han lọ́yà gidi.

Òfin Nigeria Data Protection Act ti wà láti oṣù kẹfà 2023. Ọ̀rọ̀ ìlera àti ohun tí wọ́n fi ń dá ara èèyàn mọ̀ wà lára dátà tí òfin yẹn ní kí wọ́n fọwọ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ mú, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè kó jọ bó ṣe wù ú. Tẹ́ ẹ bá gbà lónìí, ẹ lè sọ lọ́la pé ẹ ò gbà mọ́. Abala 37 wá ní èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ kó má jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló máa dá ìpinnu tó kan án gbọ̀ngbọ̀n, bíi kí kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n ihò kan wà níbẹ̀: tí ẹ̀yin fúnra yín bá ti fọwọ́ sí i pé ẹ gbà kí ẹ̀rọ máa pinnu, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Ẹ wá "automated", ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ ń dá ṣe, nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ wo ohun tó wà nítòsí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ má rò pé ibí nìkan ni wọ́n ti ń jà lórí ẹ̀, ní ìparí 2023 àjọ CNIL tó ń dáàbò bo dátà aráàlú ní Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 32 yúrò lé Amazon France Logistique, nítorí ẹ̀rọ ọwọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń ka ẹrù tún ń ka ìṣẹ́jú tí wọ́n fi sinmi, kódà tí wọ́n bá yára jù ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti oṣù kejì 2025, ní gbogbo ilẹ̀ European Union, wọn ò gbọdọ̀ lo AI láti máa ka inú òṣìṣẹ́ lójú ẹ̀, bóyá ó ń bínú àbí ó ń banú jẹ́, àfi tó bá jẹ́ nítorí ìlera àbí ààbò.

Lagere_Finest:

Ẹni tó bá yára jù wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sinmi wọ̀ ọ́ 😭 kí wá ni wọ́n fẹ́ ká ṣe gan-an

OmoIsokun:

Ẹ ṣé púpọ̀ o, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ sà.

A ti ka fọ́ọ̀mù yẹn pa pọ̀, èmi àtàwọn tá a jọ ń gbẹ́rù. A ò rí "automated", àmọ́ a rí i pé wọ́n á máa lo dátà fún "performance", ìyẹn láti fi wo bí kálukú ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, a ò sì rí ibi tí wọ́n kọ iye ìgbà tí wọ́n máa fi pa á mọ́ sí, àbí ẹni tó máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ tá a bá kúrò níbi iṣẹ́. Àǹtí ló kó wa lẹ́yìn lọ bá mánéjà, wọ́n ní àwọn ò ní so agogo kankan, àmọ́ àwọn gbà kí wọ́n wọn bí iṣẹ́ ṣe rí lára ẹ̀yìn tí wọn ò bá ti kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Mánéjà ní òun ò tíì rò ó báyẹn. Wọ́n pe ará Èkó lórí fóònù, mo bi í pé òjìji ló fẹ́ ṣe fún wa àbí twin, ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní ní báyìí ná nǹkan kan ò tíì lè padà sára ẹ̀rọ, pé ìyẹn wà ní apá kejì iṣẹ́ náà. Wọ́n ti yí Fúráìdè yẹn padà, wọ́n ní àwọn máa tún fọ́ọ̀mù kọ. Ti ọgbọ́n ọwọ́ tí Bàbá sọ, a ò tíì dé ibẹ̀, torí mánéjà ní ká mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mo sọ ti kílò 23 yẹn náà, inú ẹ̀ ò dùn sí i rárá, àmọ́ nígbà tá a fẹ́ jáde ló bi mí pé èló ni ẹ̀rọ tó ń fa wóró ike yẹn. Ẹ̀gbọ́n Engr, kí ni kí n sọ fún un?

EngrParakin:

Iye ẹ̀ dá lórí bó ṣe tóbi tó. Ẹ bá mi wo iye àpò tí ẹ̀rọ kan ń jẹ láàárín wákàtí kan, kẹ́ ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wọn gíga láti ilẹ̀ dé ẹnu ẹ̀, kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá wóró nìkan lẹ̀ ń lò àbí ẹ máa ń da ike tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ọn, torí èyí tí wọ́n lọ̀ máa ń di páìpù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mo máa bá yín béèrè ní Èkó.